Tìmùtìmù Kan, Ẹnì Kan

Ẹ sún mọ́ mi, kí n rọ́ àlá tí èmi arúgbó lá lọ́sàn-án àná fún yín, lẹ́yìn tí mo jẹ ẹ̀bà tó ju ikùn mi lọ.

Mo bá ara mi ní pápá kan ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́. Ṣòkòtò péńpé ni mo wọ̀, ìdí mi sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Bọ́ọ̀lù onígi ni wọ́n ń gbá, irú èyí tí ọkọ Mórẹ́nikẹ́ ọmọ mi máa ń wò: wọ́n á ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó di igi mú, ẹni náà á sì máa lọ láti orí tìmùtìmù kan dé òmíràn. Ọ́fíìsì kan léfòó lókè wa. Àwọn ọkùnrin onítúbọ̀mu gígùn yọrí lójú fèrèsé rẹ̀, àwọn tó dé orí tìmùtìmù jù lọ láyé ìgbà náà.

Tìmùtìmù mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Ọkọ mi, Bàbá Mórẹ́nikẹ́ tí a sin lọ́dún tó kọjá, ló dúró lórí èyí àkọ́kọ́. Kò yà mí lẹ́nu. Mo kàn fẹ́ lọ dúró tì í.

Ó ní, “Àṣàbí, bọ́ọ̀lù tí kò bá dáa, jẹ́ kó kọjá. Tí mẹ́rin bá kọjá, wàá kàn rìn wá ni.”

“Èmi tí ọ̀rọ̀ kan kì í kọjá lára mi láìfèsì?”

Igi ọwọ́ mi ní, “Ìyá, ẹ di ẹnu yín, kí ẹ sì di èmi náà mú.”

Mo dì í mú. Nígbà tí ìkẹrin kọjá, adájọ́ eré fẹ́ kéde rẹ̀, ló bá di òbúkọ. Ó ké, gbogbo wa sì gbà bẹ́ẹ̀.

Mo rìn lọ. Bí mo ṣe ń débẹ̀ ni ọkọ mi gbéra.

“Níbo lẹ ń lọ?”

“Ẹni méjì kì í dúró lórí tìmùtìmù kan. Dídé rẹ ló ń tì mí síwájú.”

Mo ké sí àwọn onítúbọ̀mu kí wọ́n bá mi bẹ̀ ẹ́. Àgbà wọn ní, “Ìyá, òfin ni. Gbogbo ìgbà tí àwa náà dé orí tìmùtìmù, a ò bá ẹnì kankan níbẹ̀ rí.”

Òbúkọ gba igi, bọ́ọ̀lù mẹ́rin kọjá lára òun náà. Mo bọ́ sí ìkejì, ọkọ mi bọ́ sí ìkẹta. Àgbà onítúbọ̀mu sọ̀ kalẹ̀, ó gba igi, mẹ́rin kọjá lára tirẹ̀ náà. Mo kọ̀, mi ò kúrò, kí n má baà ti ọkọ mi lọ. Òbúkọ fi orí kàn mí nídìí.

Nígbà tí mo dé ìkẹta, tìmùtìmù náà ṣì gbóná. Ọkọ mi ti ń lọ sí ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kẹ́yìn kí wọ́n tó jáde.

“Ẹ dúró dè mí.”

“Àṣàbí, tí mo bá dúró, ọ̀nà ò ní là fún ọ.”

Ó fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀, ó sì jáde ní pápá.

Nígbà tí mo lajú, mo ti yí gbirigbiri dé ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí Bàbá Mórẹ́nikẹ́ máa ń sùn sí. N kò sùn síbẹ̀ rí látìgbà tó ti lọ. Ibẹ̀ tutù. Mo fi ara mi rẹ́rìn-ín, ìyá àgbà tó ń yí bí àgbá epo. Mo wá dùbúlẹ̀ síbẹ̀ títí ó fi gbóná.