Lọ́ńṣà Tó Ń Ka Wákàtí

N kì í ṣàánú géèmù. Gbogbo ẹni tó bá ń ka ojú ewé wa lórí ayélujára ló mọ̀ mí mọ́ ọn. Bí géèmù tuntun bá jáde, tí wọ́n bá ní ó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, èmi ni olóòtú wa máa ń kọ́kọ́ pè, torí ó mọ̀ pé n óò sọ tẹnu mi láìfepo bọyọ̀.

Lójúmọmọ, dígí ojú ni mo ń gé. Dókítà á kọ nọ́ńbà ojú ẹni tó wá yẹ ojú wò ránṣẹ́ sí mi, èmi á gé dígí, màá dán an, màá fi í sínú férémù. Nírọ̀lẹ́ ni mo máa ń di adájọ́ géèmù. Ọkọ mi ló sọ mí ní Aláríwísí. Èmi náà ń pè é ní Atẹ̀wé, torí iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rìnlá. Kíláàsì kan náà la jọ wà nílé ìwé girama, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó ń fi "ẹ" pọ́n ẹnì kejì lé nínú wa.

Kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀. Ọ̀pọ̀ géèmù ni wọn kò ṣe fún Linux, Windows ni wọ́n ṣe é fún. Àwa tí a ń lo Linux máa ń fi ètò kan sáàárín tó ń ṣe ògbufọ̀: ohun tí géèmù bá sọ, yóò túmọ̀ rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Lọ́ńṣà wá ni ètò tó ń kó gbogbo géèmù rẹ jọ sójú kan, tó ń bá ọ yan ògbufọ̀ tó yẹ, tí wàá kàn tẹ àwòrán géèmù, tí géèmù á sì ṣí. Tó bá dáa, o ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó wà. Tí kò bá dáa, ọjọ́ kan ni wàá ju kọ̀ǹpútà gba ojú fèrèsé.

Òfin mi kò ju ẹyọ kan lọ: géèmù tó bá kọ̀ tí kò ṣí nígbà àkọ́kọ́, n kì í bẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo ṣe fún géèmù afárá nìyẹn. Géèmù tuntun ni, ariwo rẹ̀ sì gba ìgboro: wàá kọ́ afárá sórí odò, ọkọ̀ á máa gorí rẹ̀ kọjá, bí o bá kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́, tọkọ̀ tafárá á di inú omi. Mo tẹ̀ ẹ́, ojú kọ̀ǹpútà dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo dúró títí omi tí mo gbé kaná fi hó. Mo pa á rẹ́, mo sì kọ ọ́ sórí ojú ewé wa pé, "Ó kùnà lẹ́ẹ̀kan, ó tó." Àwọn òǹkàwé rẹ́rìn-ín títí. Inú mi dùn, mo sì gbàgbé rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, olóòtú ní kí n bá wọn wo lọ́ńṣà tuntun kan. Ohun tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀ ni pé yóò tú inú kọ̀ǹpútà rẹ wò, yóò kó gbogbo géèmù tó bá bá níbẹ̀ jọ, ì báà jẹ́ lọ́ńṣà míì lo fi gbé e wọlé, yóò sì sọ iye wákàtí tí wọ́n ti lò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni èmi àti Atẹ̀wé jọ ń lò, pálọ̀ ló wà. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú ni mo gbé lọ́ńṣà náà sórí rẹ̀. Atẹ̀wé wà ní yàrá, ó ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Kíá ló ti kó gbogbo géèmù wa jọ. Ta ni mo rí níwájú gbogbo wọn? Géèmù afárá. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé a ti lò ó fún igba wákàtí ó lé mọ́kànlá.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Géèmù tí mo fọwọ́ ara mi pa rẹ́! Mo ní irọ́ rèé, irọ́ gbuu, mo sì ti mọ ohun tí n óò fi ṣe àkọlé. Ṣùgbọ́n bí ẹnu mi ṣe mú tó yẹn, n kì í kọ ohun tí n ò tíì wọ̀n. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí Atẹ̀wé ti jáde, mo kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé kékeré kan kí n tó gba ibi iṣẹ́ lọ. Nígbà tí mo dé nírọ̀lẹ́, ó ti fi wákàtí mẹ́rin kún un. Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́nì kankan nílé. Ọjọ́ kejì, ó tún fi mẹ́rin kún un. Mo ní àṣírí ti tú: lọ́ńṣà tó ń ka wákàtí nígbà tí kọ̀ǹpútà wà ní pípa!

Ní Ọjọ́rú, mo wá ṣí ibi tó ń kọ àkókò sí, kí n lè fi han àwọn òǹkàwé. Géèmù náà ṣí ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjìlá láàárọ̀. Ó dúró ní aago mọ́kànlá, ó tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú. Ó parí ní aago kan ààbọ̀ ọ̀sán. Mo wo ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bákan náà ni. Mo wo ti oṣù tó kọjá. Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú, òdo, òdo, òdo.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Irọ́ wo ló ń gba ìsinmi lópin ọ̀sẹ̀? Irọ́ wo ló ń dìde lọ jẹun fún ogún ìṣẹ́jú?

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bí a ṣe ń jẹun, mo wo ọwọ́ ọkọ mi. Ọdún mẹ́rìnlá ni yíǹkì fi wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, tí kò sí ọṣẹ tó lè yọ ọ́. Èékánná náà ti funfun báláú. Èmi tí mo ń fi ojoojúmọ́ ayé mi gé dígí kí ẹlòmíì lè ríran! Ẹ̀rù bà mí, lẹ́yìn náà inú bí mi, n ò sì mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Mo fẹ́ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká ní aago méje, ó ní ó dìrọ̀lẹ́, ó jáde. Mo pe ibi iṣẹ́ pé n óò pẹ́ dé. Mo tan kọ̀ǹpútà, mo ṣí lọ́ńṣà, mo jókòó. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀, mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Atẹ̀wé wọlé pẹ̀lú búrẹ́dì lábíyá.

"O ò lọ síbi iṣẹ́?"

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo gbàgbé nǹkan kan ni—" Ojú rẹ̀ bọ́ sára kọ̀ǹpútà, ó rí géèmù afárá àti nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Lọ́ńṣà tuntun nìyẹn?"

"Òun ni."

"Ṣé ó dáa?"

"Ó dáa jù. Láti ìgbà wo?"

Ó gbé búrẹ́dì sórí tábìlì. "Oṣù mẹ́ta ó lé. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun wọlé, ẹni méjì ló ń darí ẹ̀. Àwa mẹ́sàn-án ni wọ́n ní ká máa lọ. Mo máa ń jókòó sí ibùdókọ̀ títí di aago mẹ́sàn-án, tí mo mọ̀ pé wàá ti lọ síbi iṣẹ́. Tí mo bá dé, màá kọ lẹ́tà tí mo fi ń wáṣẹ́, lẹ́yìn náà màá kọ́ afárá."

Ìbínú ru bò mí lójú. "Oṣù mẹ́ta! Ojoojúmọ́ ni mò ń kí ẹ kú iṣẹ́ nínú ilé yìí. Ojoojúmọ́ lo sì ń jẹ́ ẹ!"

Kò gbóhùn sókè. Ó ní, "Mo tún géèmù yìí gbé wọlé lẹ́yìn tí o pa á rẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tọ́jú ẹ̀ kó tó ṣí. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo pààrọ̀ ògbufọ̀. Ìkeje ló gbà. Ó dáa gan-an, Aláríwísí. Ò bá ti fẹ́ràn ẹ̀."

"Kí ló kan géèmù nínú ọ̀rọ̀ tí à ń sọ?"

"Gbogbo ohun tí o bá kọ ni mo máa ń kà. Mo mọ bí o ṣe máa ń ṣe ohun tó bá kùnà lẹ́ẹ̀kan."

Mo fẹ́ sọ pé géèmù yàtọ̀ sí èèyàn, pé eré ni gbogbo rẹ̀. Ó dùn mí dé egungun pé ọkọ mi ń bẹ̀rù mi, mo sì mọ̀ pé kò parọ́ mọ́ mi.

"Ìwọ náà ò fún mi láyè," mo ní níkẹyìn. "O ò tiẹ̀ gbìyànjú láti sọ fún mi."

"Mo gbìyànjú. Ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni. Mo wọlé, mo dúró sẹ́yìn àga tí o jókòó lé yẹn, mo pè ẹ́. Ò ń kọ̀wé. O kàn nawọ́ sókè pé kí n ní sùúrù, o ti fẹ́ parí. Mo dúró. Nígbà tí o parí, o ka ohun tí o kọ nípa géèmù afárá yìí fún mi, kí n lè bá ẹ rẹ́rìn-ín." Ó fọwọ́ pa ojú. "Mo bá ẹ rẹ́rìn-ín."

Mo rántí ẹ̀rín náà. Mo rántí pé mo tún un kà fún un lẹ́ẹ̀kejì, torí ẹ̀rín rẹ̀ kò pọ̀ tó lójú mi.

Mo pa kọ̀ǹpútà. Mo yí àga mi padà, mo kọjú sí i, mo sì fa àga kejì sún mọ́ tèmi. Ó jókòó.

"Mo ti kọ̀wé tán," mo ní. "Kí lo fẹ́ sọ fún mi?"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé àárọ̀ ọjọ́ náà ni ọ̀gá pè é wọlé. "Wọ́n ní kí n má wá mọ́."

"Pẹ̀lẹ́," ni mo wí, mo sì di ọwọ́ náà mú. "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi."