Àwọn Tó Yin Ìbọn Kẹfà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí orí mi ṣe le tó, kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn atukọ̀ ọkọ̀ ogun Ambrose Tull. Wọ́n á sọ fún un pé Walter Hruska, olórí àwọn atukọ̀ orí dẹ́ẹ̀kì, kì í gbà láé pé òun ṣe àṣìṣe. Irọ́ ni. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀ rí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní èbúté Norfolk ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ṣojú wọn sì wà láàyè.

Ọ̀gá-ọkọ̀ wa, Whitlock, ló fà á. Obìnrin ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n bó bá ti yọ gíláàsì ojú rẹ̀, kí oníkálukú yáa wá ibi sá sí. Ó pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní kí n yan ìwé méjìlá lórí ogun ojú omi àti ìtàn àwọn ológun, kí gbogbo atukọ̀ wa máa kà wọ́n. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ gba báàjì atukọ̀ ogun gbọ́dọ̀ lè sọ̀rọ̀ lórí ọ̀kan nínú wọn níwájú ìgbìmọ̀ àwọn àgbà. Báàjì yẹn kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Ẹni tí kò bá ní in láyà, bó ti wù kó pẹ́ nínú ọkọ̀ tó, àlejò ni a ṣì ń kà á sí.

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi yan àwọn ìwé náà. Mo lẹ orúkọ wọn mọ́ ògiri yàrá ìjẹun, níbi tí wọ́n ti ń dá àwo padà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ò rí i. Àwọn ti yàrá ẹ́ńjìnnì ló kọ́kọ́ débẹ̀.

"Ọ̀gá Hruska, ṣé àwòrán wà nínú wọn?"

"Ó wà. Màá ya tìẹ náà sí i lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ bá bi ọ́ ní nǹkan, tó o wá ń wò bọ̀ọ̀."

Èyí tí mo fi ṣe àkọ́kọ́ ni Ìbọn Kẹfà Kò Dákẹ́. Ọ̀gá kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ ọ́, nípa ọkọ̀ ogun Jethro Marsh tóun fúnra rẹ̀ bá jagun ní òkun Pàsífíìkì lọ́dún 1944. Ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá já lu ọkọ̀ náà, ó pa gbogbo àwọn mẹ́fà tó wà nídìí ìbọn kẹfà. Kò pẹ́ sígbà náà, ìbọn kan náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó já ọkọ̀ òfuurufú méjì bọ́ sómi, Jethro Marsh ò sì rì. Òǹkọ̀wé náà wá kọ ọ́ pé: "Ta ló yìn ín? Ọlọ́run nìkan ló mọ̀." Ìgbà márùn-ún ni mo ti ka ìwé yẹn, mi ò sì lè ka gbólóhùn yìí sókè kí ohùn mi má yí padà. Mo ti kà á fún àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun títí wọ́n fi mọ ibi tí màá ti fa imú.

Alásè ọkọ̀ wa ni Renita Fripp, ọmọ erékùṣù kan ní South Carolina. Ọjọ́ tó bá da edé lé orí àgbàdo lílọ̀ tó sè, àwọn ọ̀gá ọkọ̀ mìíràn á máa wá àwáwí tí wọ́n á fi yà kí wa. Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ló jókòó síwájú ìgbìmọ̀: èmi, Petrakis olórí àwọn ti ẹ́ńjìnnì, àti àgbà mẹ́ta mìíràn tí wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òfin wa ni pé ẹni tó bá wọlé kò gbọ́dọ̀ mú ìwé tàbí bébà kankan dání.

Mo ní, "Fripp, ìwé wo lo kà?"

"Ìbọn Kẹfà Kò Dákẹ́, sà."

Inú mi dùn. "Kí lo rí kọ́ níbẹ̀?"

"Mo kọ́ pé ẹni tó kọ ọ́ ò ka ìwé ara rẹ̀ tán."

Petrakis lu tábìlì, ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní kó ṣàlàyé.

"Ó ní Ọlọ́run nìkan ló mọ ẹni tó yin ìbọn kẹfà. Àwa náà mọ̀ ọ́n nílé wa, sà. Lucius Gadsden ni, bàbá tó bí ìyá mi àgbà. Agbáwo ni nínú ọkọ̀ yẹn."

Láyé ìgbà náà, tí aláwọ̀ dúdú bá wọ iṣẹ́ ogun ojú omi wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí ohun mìíràn tí wọ́n ń fún un ṣe ju kó gbé oúnjẹ fún àwọn ọ̀gá, kó sì dán bàtà wọn. Àwọn ni wọ́n ń pè ní agbáwo.

Petrakis nu ojú. "Ọmọ yìí, kò sílé tí kò ní bàbá àgbà kan tó dá ogun ṣẹ́. Bàbá bàbá tèmi ní òun fi ọkọ̀ apẹja lásán rì ọkọ̀ ogun."

"Ṣé orúkọ tiwọn náà wà nínú ìwé, sà?"

Ara mi gbóná. Ìwé tí mo yàn, tí mo fi ṣíwájú gbogbo ìwé, ni ọmọ alásè yìí ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Fripp, ṣé o fara balẹ̀ ka ìwé yìí ṣá?"

"Mo kà á tán, Ọ̀gá. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Fripp fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó tẹnu rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n kò kó o jẹ. "Ojú ewé 412 ni, sà. Mo mọ̀ pé ẹ lè lé mi jáde nítorí ọ̀rọ̀ yìí, kí n má sì rí báàjì gbà mọ́. Àmọ́ ìyá mi àgbà ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pe bàbá wọn ní òpùrọ́. Mi ò lè jókòó síbí kí n máa pe gbólóhùn yẹn ní ẹ̀kọ́."

Mo ní kí gbogbo wọn dúró dè mí. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá mi lọ mú ìwé wá, kí n lè fi han ọmọ náà pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ìwé mi ti gbó. Mo ti fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ káàkiri, kọfí ti dà sí orí kẹta, èèpo iwájú ti ya. Ṣùgbọ́n láti ojú ewé 400 lọ, funfun báláú ni, ewé méjì tilẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ra bí wọ́n ṣe jáde nílé ìtẹ̀wé. Ọ̀bẹ ni mo fi là wọ́n. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ìwé ipò ogun ti Jethro Marsh. Kò sí ọkọ̀ ogun tí kò ní irú rẹ̀: orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀, látorí ọ̀gá dórí onígbàjámọ̀, àti ibi tí ó gbọ́dọ̀ sáré lọ bí agogo ìjà bá dún. Èmi ni mo ń kọ ti Ambrose Tull lóṣooṣù. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kà á. Ta ló ń fara balẹ̀ ka ohun tó ń rí lára ògiri lójoojúmọ́? Mo bi àwọn mìíràn léèrè lẹ́yìn náà, gbogbo atukọ̀ tó ti ka ìwé yẹn ló fo ibẹ̀. Bóyá tíṣà tàbí àgbẹ̀ ni ì bá kà á.

Mo wá ìbọn kẹfà. Orúkọ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, mo sì mọ̀ wọ́n, nítorí gbogbo wọn wà lára àwọn tó kú. Lábẹ́ wọn ni wọ́n kọ ọ́ sí: "Arọ́pò: Gadsden, L., agbáwo. Boykin, T., agbáwo. Sumter, C., agbáwo."

Mo jókòó. Ojú tì mí, mi ò ní purọ́. Mo lè pa ìwé náà dé, kí n padà lọ sọ pé mi ò rí nǹkan kan, nítorí Petrakis ò ní ka ojú ewé 412 títí ayé. Ṣùgbọ́n èmi náà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ pé bí ẹni àkọ́kọ́ bá ṣubú, arọ́pò ló gbọ́dọ̀ bọ́ sípò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn agbáwo yìí ló ń bu kọfí fún òǹkọ̀wé yẹn láràárọ̀. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ da orúkọ wọn kọ, kò sì rí wọn. Èmi tí mo ń fa imú kiri ò rí wọn bákan náà.

Mo padà sókè, mo ka orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Petrakis ní, "Orúkọ lórí bébà nìyẹn. Ẹlòmíràn lè ti yìn ín."

"Petrakis, bí gbogbo àwọn tó wà nídìí ìbọn wa bá kú báyìí, ta ló máa bọ́ síbẹ̀?"

"Arọ́pò."

"Ṣé Ọlọ́run nìkan ló mọ orúkọ wọn?"

Ó họ orí. "Rárá. Ìwọ lo kọ ọ́."

Mo kọjú sí Fripp. "Mo tọrọ àforíjì. Jókòó dáadáa, a ò tíì bi ọ́ tán."

"Mi ò fẹ́ ojúure o, sà."

"Ta ló fẹ́ ṣe ojúure fún ẹ?"

Wákàtí kan àti ààbọ̀ la fi gbò ó. Iná nínú yàrá epo, omi tó ń ya wọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró, kò sí èyí tí kò dáhùn. Petrakis bi í nípa ẹ̀rọ tó ń fa epo, pẹ̀lú èrò pé alásè ò ní mọ̀ ọ́n. Fripp yà á sára pátákó fún un, ó sì fi ibi tí ó ti ń jò lọ́sẹ̀ yẹn hàn án. Àwa márààrún la fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, Petrakis ló sì kọ́kọ́ gba kálámù.

Nígbà tí mo gbé Ìbọn Kẹfà Kò Dákẹ́ tọ Ọ̀gá-ọkọ̀ lọ, mo ṣí ojú ewé 412 fún un, ó kà á, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Hruska, ta ló yan ìwé yìí?"

"Èmi ni, mà."

"Ta ló kà á?"

"Fripp ni, mà."

Ó ní kí n tún orúkọ àwọn ìwé náà tẹ̀, kí n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí àkọ́kọ́ pé ojú ewé 412 ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ó sì ní lọ́jọ́ tí Fripp bá máa gba báàjì, èmi ni kí n ka orúkọ àwọn agbáwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, níwájú gbogbo ọkọ̀.

Ìyá àgbà náà, Ernestine, wọ bọ́ọ̀sì wá láti South Carolina, pẹ̀lú fìlà aláwọ̀ àlùkò tó fẹ̀ bí agbòòrùn. Igba àti ọgọ́rin atukọ̀ tò sórí dẹ́ẹ̀kì nínú aṣọ funfun. Mo kà á: "Lucius Gadsden, ìbọn kẹfà. T. Boykin, ìbọn kẹfà. C. Sumter, ìbọn kẹfà." Ohùn mi yí padà bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí mo mọ àwọn tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn, àyà mi sì gbòòrò nínú aṣọ mi pé iṣẹ́ kan náà ni èmi àti àwọn jọ ń ṣe.

Màmá fi báàjì náà há ọmọ-ọmọ wọn láyà, wọ́n wá kọjú sí mi.

"Inú ìwé tiyín ni orúkọ wọn wà látọjọ́ yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. A ò kà á ni."

Wọ́n wò mí tẹsẹ̀ torí. Wọ́n wo gbogbo àwọn atukọ̀ tó tò lọ súà, títí dé ìdí ọkọ̀.

"Tún un kà, ọmọ mi," ni Màmá wí. "Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

Mo tún un kà.