Ẹṣin Shehu

Wálláhì, èmi ni mo kọ́ṣẹ́ àwòrán ṣáájú Shehu. Ẹṣin tó yà sára ògiri ọjà Ìpàta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ogún ọdún ni mo fi ń sọ ọ́. Síbẹ̀, òun ni gbogbo Ìlọrin ń yà sára lọ́rì àti kẹ̀kẹ́. Ta ló ya tèmi rí?

Nígbà tí Shehu kú, tí òjò fọ ẹṣin náà, wọ́n ní kí n wá tún un kùn. Kíá, mo mú ẹsẹ̀ náà gùn dọ́gba.

Àwọn oníṣu fárígá. "Bàbá Rodiyah, èyí kọ́ lẹṣin wa!"

Mo bú wọn, mo bú Shehu nínú sàréè, mo wá fọwọ́ ara mi gé ẹsẹ̀ náà kúrú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Ìpàta máa pàtẹ́wọ́ fún mi nìyẹn.