Bí Mo Ṣe Fẹ̀yìn Gun Màpó Relé Ọkọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi, nítorí àwọn tó ń sọ ọ́ kiri ìlú ti fi irọ́ tó pọ̀ sí i. Èmi Àtọ́kẹ́, ọmọ Sàláúdéènì aránṣọ ní Ọjà'ba, ni mọ́tò gbé relé ọkọ láyé ìgbà tí a lè ka mọ́tò Ìbàdàn tán lórí ìka.

Ọjọ́ kan náà ni èmi àti Mojọlá, ọmọ Bẹẹrẹ, ń wọ agbo ilé kan ṣoṣo lókè Màpó. Ọkọ mi, Àkíbù, àti ọkọ tirẹ̀ jẹ́ ọmọ bàbá kan. Ẹ sì mọ òfin agbo ilé: ìyàwó tó bá kọ́kọ́ wọlé ni ìyáálé. Ìbáà jẹ́ ẹsẹ̀ kan péré ló fi ṣáájú, títí ayé ni èkejì yóò máa pè é bẹ́ẹ̀, tí yóò máa ṣe iṣẹ́ tó bá rán an. Mojọlá tí mo jù lọ́jọ́ orí! Mojọlá tó jẹ́ pé èmi ni mo kọ́ ọ nírun dídì! Kí n máa pe ìyẹn ní ìyáálé? Láéláé!

Ìdí nìyẹn tí mo fi fò sókè nígbà tí Gàfárù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, gbé mọ́tò rẹ̀ wá mú mi. Mojọlá á fẹsẹ̀ rìn wá láti Bẹẹrẹ, èmi á jókòó bí ayaba. Òótọ́ ni pé mọ́tò náà ti gbó. Kò ní ìbòrí mọ́, ó sì ń wúkọ́ bí arúgbó. Kí ló kàn mí níbẹ̀? Èmi àti Kúbúrá, àbúrò bàbá mi, gòkè sẹ́yìn, ó di Màpó.

A ò tíì gun òkè náà dé ìdajì tí mọ́tò fi wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kú.

Gàfárù fi òkúta há táyà. Ó wo omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára, omi kún. Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó nu dúdú ara rẹ̀ kúrò. Ó fa wáyà wò, wáyà ò já. Ó fi irin yí ẹ́ńjìnnì títí òógùn fi bò ó, kò dáhùn. Ló bá ní ká jẹ́ kó yí lọ sísàlẹ̀. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó yí i lẹ́ẹ̀kan péré, mọ́tò dáhùn! A tún gùn ún. Ibi tó kú sí lẹ́ẹ̀kan náà ló tún kú sí.

“Wàhálà wo nìyí?” Kúbúrá pariwo. “Ṣé wọ́n ṣépè fún mọ́tò rẹ ni?”

“Rárá, ìyá. Tó bá jẹ́ iná ni ò sí, kò ní ṣiṣẹ́ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Òkè nìkan ló ń pa á.” Gàfárù ṣí abẹ́ àga iwájú, ó ki igi bọ inú àgbá epo. Ìdí igi nìkan ló tutù. “Mo mọ̀ ọ́n! Epo ò pọ̀ mọ́, fúnra rẹ̀ ló sì ń ṣàn lọ síwájú. Nígbà tí iwájú bá kọ sókè, ẹ́ńjìnnì á ga ju epo lọ. Gbági lepo wà.”

“Gbági kẹ̀!” ni mo fi igbe ta. “Ká tó ti Gbági dé, Mojọlá á ti bímọ!”

Ó rẹ́rìn-ín. “Fọkàn balẹ̀, ìyàwó. A ó fẹ̀yìn gùn ún. Epo á wá ga ju ẹ́ńjìnnì lọ.”

“Èèwọ̀!” Kúbúrá di etí mú. “Ìyàwó tó ń relé ọkọ kì í bojú wo ilé bàbá rẹ̀. Ṣé kó máa wo Ọjà'ba títí dé ọ̀hún ni?”

Ibẹ̀ la wà tí a fi gbọ́ orin àwọn ará Bẹẹrẹ tó ń sin Mojọlá bọ̀ lápá kejì òkè. Mo yí padà, mo fi eékún méjèèjì gún orí àga, mo di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, mo kọjú sókè Màpó.

“Ẹ wò ó, ilé ọkọ ni mò ń wò! Ọkọ mi, ẹ máa wà á lọ!”

Gàfárù wà á. Mọ́tò fi ìdí gun òkè láìwúkọ́ rárá. Ewúrẹ́ ń sá, àwọn èèyàn ń di ikùn mú rẹ́rìn-ín, Kúbúrá dijú, ó ń pe Ọlọ́hun. A já sẹ́nu ọ̀nà agbo ilé gan-an bí Mojọlá ṣe fẹ́ gbé ẹsẹ̀ wọlé. Ó gbọ́ ariwo, ó yíjú sí wa, ó la ẹnu sílẹ̀. Bí mọ́tò ṣe dúró níwájú rẹ̀ nìyẹn, èmi lórí eékún, tí mo kọjú sí i.

Àwọn obìnrin ilé hó yee. “Ó kúnlẹ̀ kí i! Ó kúnlẹ̀ kí i!”

“Mi ò kí ẹnikẹ́ni o!” mo kígbe. “Epo ni! Epo ló wà lábẹ́ àga!”

Ta ló ń gbọ́? Ìyá tó dàgbà jù nínú agbo ilé ti gbé igbá omi dé. Ó wò mí, ó wo Mojọlá. “Kí lẹ tún ń jà sí? Ẹni tó kúnlẹ̀ ti sọ ipò rẹ̀.” Ó bá da omi sẹ́sẹ̀ Mojọlá, ó fà á wọlé.

Mo fẹ́ dìde kí n fi ìjà pẹẹ́ta, eékún mi ti kú tipiri, n ò lè gbéra. Mojọlá sá jáde padà wá, ó kì mí lápá, ó gbé mi sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ pa á.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó sọ sí mi létí, “ẹsẹ̀ yín ò tíì jí. Ẹ rọra.”

Mo gbìyànjú kí n bínú. Ẹ̀rín ló jáde. Mo dì mọ́ ọn lọ́rùn, mo ní, “Ìyáálé mi, ẹ gbé mi wọlé.”