Káàdì Ara Fíríìjì

Ọwọ́ ara Deanna Rusk ló fi ṣe é, òun náà ò jiyàn. Ní oṣù Éprìlì, nígbà tí Colby ọmọ rẹ̀ pé ọdún mẹ́tàlá, ó gba àyè níbi iṣẹ́ rẹ̀, ní ilé ìdáná ilé-ìwé Pell Creek, ó wakọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, ó ní kí wọ́n bá òun tún káàdì ìwòsàn ọmọ náà ṣe. Káàdì yìí ni ìjọba fi ń sanwó dókítà fún àwa tí owó iṣẹ́ wa ò tó dókítà. Ọmọbìnrin ló wà níbẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Deanna ní kí wọ́n kọ ọmọkùnrin, kí wọ́n sì kọ Colby. Ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí ni. Ọmọ tó ti ń sọ láti kékeré pé ọkùnrin lòun, ẹ̀bùn wo ni ìyá rẹ̀ ì bá tún fún un?

Colby fi òòfà kékeré lẹ káàdì náà mọ́ ara fíríìjì. Kò sí ìgbà tó wá mu mílíìkì tí kì í kà á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù Júùnù, ni Maureen, nọ́ọ̀sì tó máa ń gún Colby lábẹ́rẹ́, pe Deanna láti ìlú ńlá.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná."

"Mo ti jókòó." Irọ́ ni. Ó wà lórí ìdúró nídìí ìkòkò ẹ̀wà.

"Ìjọba ò fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ Colby. Kọ̀ǹpútà wọn ní ọmọbìnrin lòun ń sanwó fún tẹ́lẹ̀, òun ò mọ ọmọkùnrin kankan rí. Wọ́n ní ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ sì ni."

Kò sí ọgbọ̀n ọjọ́ níbì kan. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ náà, òun ló ń dá ara Colby dúró kó má baà di ara obìnrin. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ wa sì ti jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ tútù ti ń fẹ́ sí wọn, wọ́n ní láti ọjọ́ kìíní Júláì, ìjọba ò ní sanwó irú rẹ̀ fún ọmọdé mọ́. Ẹni tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí tirẹ̀ ṣáájú á gba ẹyọ kan péré sí i. Ẹni tí wọn ò bá tíì fọwọ́ sí tirẹ̀, ó parí nìyẹn.

Deanna rántí ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí àyà ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú, kí abẹ́rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Colby ò wẹ̀ mọ́, kò lọ sílé-ìwé mọ́, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Deanna gbé àga sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó jókòó tì í. Ó kó gbogbo oògùn àti ọ̀bẹ inú ilé, ó tì wọ́n mọ́ búùtù ọkọ̀. Obìnrin tó ń se oúnjẹ fún ọ̀ọ́dúnrún ọmọ lójúmọ́, kò rí ọ̀bẹ gé tòmátò nínú ilé ara rẹ̀.

"Kí ni kí n ṣe?" ó bi Maureen.

"Ẹ pe ọ́fíìsì ìjọba kí wọ́n dá káàdì náà padà sí ọmọbìnrin. Tí wọ́n bá ṣe é kí ọjọ́ Ẹtì tó tán, mo lè rí i gbà. Mo mọ̀ pé kò ṣeé gbọ́ sétí, mà."

Deanna ò sọ fún Colby. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ọjọ́rú, wọ́n já fóònù mọ́ ọn létí. Ọjọ́bọ̀, wọ́n ní àwọn ti pa ọ́fíìsì dé. Lọ́jọ́ Ẹtì, kò lọ síbi iṣẹ́, ó gbé fóònù sórí tábìlì láti aago mẹ́jọ, orin tí wọ́n fi ń dá èèyàn dúró ń dún lọ.

Colby jáde wá pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì ńlá rẹ̀, tòun ti ooru. "Mọ́mì, ẹ̀ ń sá níṣẹ́. Orin burúkú wo tún nìyí? Tí mo bá kú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ níbi ìsìnkú mi o."

Deanna fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò jáde. Àfi bí orin ṣe dákẹ́ lójijì.

"Ẹ káàárọ̀ mà, Pam ló ń sọ̀rọ̀. À ń gba ohùn sílẹ̀ o."

Deanna rojọ́ tán. Pam ní kò le rárá. "Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pé mẹ́tàlá, ẹnu ara rẹ̀ ló máa fi sọ ọ́. Kó pe orúkọ tó wà nínú ìwé ìbí rẹ̀, kó sì ní ọmọbìnrin lòun. Ṣé ọmọ yín obìnrin wà nítòsí?"

Deanna fọwọ́ bo fóònù. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Colby, àti káàdì, àti kọ̀ǹpútà, àti Júláì.

Colby wo fíríìjì. "Ẹ̀bùn mi ló fà á?"

"Èmi ni mo fà á."

"Ẹ gbé fóònù wá."

"Colby, kì í ṣe dandan."

"Dandan ni, Mọ́mì. Ẹ gbé e wá kí n tó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ yẹn."

Ó gba fóònù. "Ẹ káàárọ̀ mà. Annalise Rusk lorúkọ mi. Ọmọbìnrin ni mí."

Ọdún mẹ́ta rèé tí ẹnikẹ́ni ò ti dá orúkọ yẹn nínú ilé náà.

"Mi ò gbọ́ dáadáa," Pam ní. "Tún un sọ, kó o gbé ohùn sókè díẹ̀."

Colby tún un sọ. Ó gbé ohùn sókè.

"Ó ti wọlé. O ṣé, ọmọ mi. Ọmọbìnrin dáadáa ni ẹ́."

Kó tó di aago mẹ́rin, Maureen pè. Wọ́n ti fọwọ́ sí i, kí wọ́n wá lọ́jọ́ Ajé. Deanna sunkún lójú ọmọ rẹ̀, kò tiẹ̀ gbìyànjú láti fi pamọ́. Colby yọ káàdì kúrò lára fíríìjì, ó tì í bọ àpò.

"Tí tuntun bá dé, ẹ má fi hàn mí." Ó ń fi ìka ka oṣù. "Oṣù mẹ́ta láti ọjọ́ Ajé, ìgbà wo nìyẹn?"

"Ìparí Sẹ̀tẹ́ńbà."

"Hẹn-ẹn," Colby ní, ó wọ yàrá rẹ̀, ó sì tilẹ̀kùn.

Deanna dúró títí ó fi gbọ́ kọ́kọ́rọ́ nínú ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló fa dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná yọ, ó ka ọ̀bẹ inú rẹ̀, ó sì lọ wá kọ́kọ́rọ́ búùtù ọkọ̀.