Táyà Tuntun fún Ọ̀nà Orí Òkè

"Èyí tó le yẹn ni kí ẹ bá wa fi sí i, Màmá," Káfíńtà wí láti ẹ̀yìn ọkọ̀. "Ẹ má dá ìyàwó mi lóhùn."

Ẹ̀gbẹ́ ló fi lélẹ̀ lórí àga ẹ̀yìn, ìrọ̀rí kan lábẹ́ orí, òmíràn láàárín orúnkún méjèèjì. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i. Ìyá Ìbejì, ìyàwó rẹ̀, wà ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù táyà, ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí i. Ó fi àtàńpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ táyà kan, ó tún lọ tẹ ti èkejì. Àkọ́kọ́ gbà fún ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀. Èkejì kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan fọwọ́ kan òun.

"Èyí tó rọ̀ ni mo fẹ́, Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní. "Ẹ̀yìn Bàbá Ìbejì kò lè gba jìgìjìgì mọ́."

"Ẹ̀yìn ta ni?" Káfíńtà bi í. "Èmi ni mo ni ẹ̀yìn mi, èmi ni mo sì mọ ohun tó lè gbé."

Màmá Onítáyà di apá méjèèjì pọ̀, ó ń wò wọ́n. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó sì ti ń ta táyà láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti fi ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ fún un tó lọ sọ́run. Ó ti rí tọkọtaya tó pọ̀ tó ń jiyàn níwájú ọjà rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí ẹni kẹta bá tètè dá sí irú rẹ̀, òun ni wọ́n máa para pọ̀ bá jà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sẹ́yìn ni àkàbà yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ Káfíńtà níbi tó ti ń kan òrùlé ilé kan. Ẹ̀yìn ló fi balẹ̀. Àwọn dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fi irin mú eegun ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì ní kó máa wá ní ọjọọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọọjọ́ Ẹtì kí àwọn lè máa bá a na ẹsẹ̀ rẹ̀. Òdìkejì òkè ni ọsibítù wà. Bí èèyàn bá ń gun òkè náà, kòtò ni. Bí ó bá ń sọ̀kalẹ̀, kọ́nà mẹ́ta ni, odò sì wà nísàlẹ̀ èyí tó kẹ́yìn. Kó tó di pé ó ṣubú, Káfíńtà ló sábà máa ń wa ọkọ̀ yẹn, á kó pákó sẹ́yìn, á máa súfèé lọ. Aránṣọ ni Ìyá Ìbejì. Ó ti gbàwé ìwakọ̀ láti ọdún méjì, ṣùgbọ́n kò wakọ̀ kọjá ilé sí ọjà rí. Nísinsìnyí, ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀mí àwọn méjèèjì wà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, òjò rọ̀, ọkọ̀ sì yọ̀ ní kọ́nà tó kẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ yí lọ sí apá odò bí ìgbà tí ẹnì kan fi okùn fà á. Òkúta kan létí ọ̀nà ló gbà á dúró. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ nínú wọn. Káfíńtà kàn ní kí wọ́n lọ pààrọ̀ táyà kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, ó sì yíjú sí ògiri.

Ọjọ́ Ẹtì náà nìyí. Aago mẹ́sàn-án ti lù, aago mọ́kànlá ni ọsibítù ń retí wọn, òjò sì ti ń ṣú lórí òkè.

"Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí mo mọ̀," Màmá Onítáyà wá ní. "Èyí tó rọ̀ yìí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga. Ó máa ń gbé kòtò mì. Ẹni tó wà lẹ́yìn lè sùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí sítíárìn ní kọ́nà, á kọ́kọ́ rò ó wò kó tó gbọ́. Èyí tó le, ojú ẹsẹ̀ ló ń gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gun òkúta tí kò ju ẹyin lọ, eegun ẹ̀yìn yín á mọ orúkọ òkúta náà."

"O gbọ́?" Káfíńtà wí fún ìyàwó rẹ̀. "Ọkọ̀ tó ń gbọ́ràn là ń wá. Ogún ọdún ni mo fi gun òkè yẹn pẹ̀lú táyà tó le."

"Pákó lẹ ń kó nígbà yẹn, Bàbá Ìbejì," ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Pákó kì í kérora."



Màmá Onítáyà wá fi wọ́n sílẹ̀, ó wọ dígí ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo àwọn táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Ó wo ti ẹ̀yìn, ó mi orí: ojú wọn ti dán bí àwo. Nígbà tó dé ti iwájú, ó fi ọwọ́ pa á, ó dúró lójú kan.

"Ibí yìí ti jẹ pẹlẹbẹ," ó ní. "Ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ lójijì, ọkọ̀ sì fi táyà wọ́lẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Òjò ni," Káfíńtà yára fèsì.

Ìyá Ìbejì wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́fun rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta bí eegun ẹja, kò gbé e mì, kò pọ̀ ọ́.

"Kì í ṣe òjò," ó ní.

"Òjò ló rọ̀, àbí kò rọ̀?"

"Ó rọ̀. Ṣùgbọ́n a gun kòtò kan kí a tó dé kọ́nà yẹn, ẹ sì kérora. Mo bojú wẹ̀yìn láti wò yín. Kí n tó yíjú padà, kọ́nà ti dé. Ìyẹn ni mo fi tẹ bíréèkì." Ó fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn ara rẹ̀. "Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti kérora ni mo máa ń bojú wẹ̀yìn. Mo ti bá ara mi sọ ọ́ títí, ọrùn mi kò gbọ́. Ìdí tí mo fi ń wá èyí tó rọ̀ nìyẹn. Tí ara bá tù yín, ojú mi á wà lójú ọ̀nà."

Ọkọ̀ kan kọjá ní títì, ó fọn fèrè.

"O rò pé agídí ló ń ṣe mí," Káfíńtà wí nígbẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "O rò pé nítorí pé bí mo ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀ nìyẹn."

Ohun tí obìnrin náà rò gan-an nìyẹn.

"Ibi tí mo sùn sí yìí, n kì í rí ọ̀nà. Òrùlé ọkọ̀ ni mo ń rí, àti ọwọ́ rẹ lórí sítíárìn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo rí ọwọ́ rẹ tó ń yí i, tó ń yí i, ọkọ̀ kò sì tẹ̀lé e. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé àwọn ìbejì á ti ilé ìwé dé nígbà ìsinmi, wọ́n á kanlẹ̀kùn, kò ní sí ẹni tó máa ṣí i fún wọn." Ó mí kanlẹ̀. "Kí ẹ̀yìn máa ro mí. Èyí tó ń ro mí á sàn lọ́jọ́ kan. Ọkọ̀ tó máa gbọ́ tìrẹ ni mo ń wá."

Ìyá Ìbejì kúrò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó lọ síbi ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó tún ìrọ̀rí tó wà láàárín orúnkún ọkọ rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ ìrọ̀rí náà kò wọ́ níbì kankan.

Màmá Onítáyà wúkọ́. Ó ti mú géèjì jáde, ó ń fi wọn afẹ́fẹ́ inú táyà, ó sì ń wo bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn.

"Ta ló ń sọ iye afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń kún sí ọkọ̀ yìí?"

"Èmi ni," Káfíńtà ní. "Kí ló dé?"

"Ó ti pọ̀ jù. Afẹ́fẹ́ ẹni tó kó pákó nìyí. Ẹ ti sọ ẹrù kalẹ̀ láti oṣù méjì, ọkọ̀ yín ṣì ń rìn bí ẹni tó rù ú." Ó fi ìka kan bébà náà. "Iye tó yẹ ló wà níbí. Ìdajì jìgìjìgì tó ń pa yín lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ni."

"Àṣé èmi náà ni mo ń na ara mi ní kùmọ̀," Káfíńtà wí. Ẹ̀rín gbé e, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbà fún ẹ̀rín, ó sì dá a dúró ní àárín.

Màmá wọlé, ó yí táyà kẹta jáde. "Èyí kò rọ̀ tó ti àkọ́kọ́, kò sì le tó èkejì. Àwọn ilà ojú rẹ̀ jìn, omi á rí ibi gbà jáde. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín. Kòtò á ṣì dé ẹ̀yìn, kọ́nà á sì ṣì gba sùúrù. Táyà tuntun náà máa ń yọ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó tó mọ ọ̀nà. Kò sí táyà tó ń bá èèyàn wakọ̀." Ó wo ọkọ, ó wo ìyàwó. "Èwo ni ká gbé?"

Ìyá Ìbejì yíjú sí ọkọ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Nínú gbogbo ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, kò tíì yan ohun tó tó bóòtù àti nọ́ọ̀tì kan sí ọkọ̀ yẹn rí.

Káfíńtà di ojú. "Ìwọ lò ń wà á," ó ní. "Èyí tí ọwọ́ rẹ bá fẹ́."

Ìyá Ìbejì sún mọ́ Màmá. Ó tẹ ẹ̀gbẹ́ táyà kẹta náà wò, ó fi ìka wọn bí ojú rẹ̀ ṣe jìn tó, bí ìgbà tó ń yẹ etí aṣọ wò kó tó rán an.

"Ẹ fi èyí sí i, Màmá. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí ẹ kún un bí bébà ṣe sọ."

Òjò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ òkè. Ìyá Ìbejì rọra ń wakọ̀, sítíárìn dà bí ohun tuntun lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gun kòtò àkọ́kọ́, ọkọ̀ mì, ó sì tún jókòó. Wọ́n gun èkejì, èyí tó jìn. Kò gbọ́ ìró kankan láti ẹ̀yìn. Wọ́n gun ẹ̀kẹta. Kẹ́kẹ́ pa. Ìdákẹ́jẹ́ náà dẹ́rù bà á ju igbe lọ. Ọrùn rẹ̀ ti fẹ́ yí.

"Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ń pa á mọ́ra ni?"

"Kí o lè máa wo iwájú ni."

"Bí ẹ bá dákẹ́ báyẹn, màá bojú wẹ̀yìn. Ẹ máa sọ̀rọ̀. Ohunkóhun."

Wọ́n tún gun kòtò kan. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn rẹ̀, ohùn tó fi máa ń ka ìwọ̀n pákó fún àwọn tó bá ń bá a ṣiṣẹ́. "Èyí tá a gùn kẹ́yìn yẹn, ìrora rẹ̀ tó ínṣì mẹ́rin. Ìbàdí òsì ló gbà lọ."

Wọ́n dé góńgó òkè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Kọ́nà kìíní kọjá. Ní kọ́nà kejì, táyà yọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì kò fọwọ́ líle mú sítíárìn, ọkọ̀ sì padà sí ọ̀nà. "Ínṣì mẹ́ta," ohùn ẹ̀yìn wí. Kó tó di kọ́nà kẹta, ó dẹ ìrìn ọkọ̀ títí ó fi ń rìn bí ẹni tó ń yọ́ wọlé. Kòtò tó wà níbẹ̀ gbá wọn. Ó gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe fa èémí sínú pẹ̀lú agbára.

"Mẹ́rin," Káfíńtà ní. "Mẹ́rin àti ààbọ̀. Má wò mí."

"N kò wò yín."

Kò sì wò ó. Ó yí sítíárìn. Ọkọ̀ rò ó wò fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kan, lẹ́yìn náà ló gbọ́. Ìdí rẹ̀ tẹ̀lé iwájú rẹ̀ yí kọ́nà náà tán. Odò ń hó nísàlẹ̀ níbi tó ti kún, kò wo ìyẹn náà.

"Méjì," Káfíńtà wí nígbà tó pẹ́ díẹ̀. "Ó ń rọlẹ̀."

Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín díẹ̀, ojú rẹ̀ ń wo òjò àti ọ̀nà, ó ń dúró de iye tó kàn.