Ẹyẹ Tí Wọ́n Ń Pè Ní Ṣíbí

Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ tí wọ́n fi gba ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wọlé. Ọwọ́ mi yìí náà ni. Bí ẹ bá rí i pé mi ò pè é ní "wọ́n" bó ṣe yẹ kí àbúrò pe ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá mi lẹ́bi. Ọ̀wọ̀ yẹn ti tán lára mi.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá Ọ̀gá Tíṣà bójú tó búlọ́ọ̀gù wọn, níbi tí àwọn tó fẹ́ràn ẹyẹ ti ń kọ ohun tí wọ́n rí. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì, ojú wọn ò sì ríran dáadáa mọ́. Ní gbogbo Sátidé, màá ti sísọ́ọ̀sì àti téèpù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, màá gbé kọ̀ǹpútà síbẹ̀, màá sì máa tún ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ṣe. Ìgbà kan wà tí mo ní kí wọ́n jẹ́ kí èmi náà máa kọ. Tíṣà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ìwọ? Aṣọ tó wà níwájú ẹ ti tó ẹ, jàre." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, ṣùgbọ́n mo gbé e mì.

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, wọ́n pè mí lórí fóònù, inú wọn ń dùn. Wọ́n ní àwọn ti rí ẹni tí yóò máa kọ̀wé fún wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pé ẹni náà mọ̀ ọ́n kọ débi pé omi bọ́ lójú àwọn nígbà tí ìyàwó wọn ń kà á fún wọn. Kí n kí i káàbọ̀ dáadáa, kí n sì gbé ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ sábẹ́ ìkíni náà. Mo ṣí i. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo rí.

Mo ní kò burú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "Aago méje àárọ̀. Òjò ò tíì dá. Àdàbà méjì wà lórí wáyà, ọ̀kan kẹ̀yìn sí èkejì bíi tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jà." Mo tún un kà. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Inú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà ni mo kọ ọ́ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká àti ìbàdí wọn, lásìkò tí mò ń tọ́jú màmá wa.

Oṣù mẹ́rìnlá gbáko ni. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú màmá lápá ọ̀tún, ó sì kó ọ̀rọ̀ lọ lẹ́nu wọn. Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ sí yàrá wọn, mo sún bẹ́ẹ̀dì wọn mọ́ fèrèsé tó kọjú sí odò kékeré ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n lè máa rí nǹkan wò. Ẹyẹ ni wọ́n ń wò. Bí wọ́n bá ti na ọwọ́ òsì, màá dá ẹ̀rọ dúró, màá kọ ohun tí wọ́n nàka sí. Ẹ̀gbọ́n mi ò wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lónìí iṣẹ́ ò jẹ́, lọ́la ọ̀nà ti jìn jù. Ọjọ́ ìsìnkú ló tó yọjú, ó wá ń sọ̀rọ̀ dídùn káàkiri. Kó tó lọ, ó ní kí n fún òun ní ìwé yẹn kí òun máa fi rántí màmá. Èmi òmùgọ̀, mo fún un.

Mo pè é. "Bọ̀ọ̀dá, ìwé mi lẹ dà kọ."

"Ìwé màmá ni. Ìwọ kàn bá wọn kọ ọ́ sílẹ̀ ni."

"Ẹ ò sí níbẹ̀."

"Ta ló máa jẹ́rìí sí i, ẹyẹ?" Ó rẹ́rìn-ín. "Fi sùúrù ṣe é, àbúrò. Tíṣà ti gbà á."

Mo pe Tíṣà, mo ro gbogbo ẹ̀ fún wọn. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹbí nìyẹn, kí n má kó o wọ búlọ́ọ̀gù, pé ìkíni náà gbọ́dọ̀ jáde kó tó di ọ̀sán. Wọ́n tún ní kí n bi ẹni tuntun wa ní ìbéèrè kan fún àwọn òǹkàwé: irú ẹyẹ wo ló ń pè ní ṣíbí? Wọ́n ní àwọn fẹ́ràn orúkọ yẹn gan-an.

Mo padà síbi ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́. Lóòótọ́, ó wà níbẹ̀: "Ṣíbí tún wá. Ó bà sórí ẹ̀ka, ó wo omi, ó lọ." Ẹ̀gbọ́n mi ti da ṣíbí kọ mọ́ ọn. Mo fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí i, èsì sì dé kíá: "Ẹyẹ kékeré aláwọ̀ búlúù tó máa ń pẹja ni. Bí a ṣe ń pè é nílé wa láti kékeré nìyẹn, nítorí ẹnu rẹ̀ tó rí bíi ṣíbí." Irọ́ funfun báláú. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ló fà á.

Mo kọ ìkíni náà bí Tíṣà ṣe fẹ́ ẹ, tìdùnnú-tìdùnnú. Mo gbé èsì rẹ̀ síbẹ̀ láìyọ ọ̀rọ̀ kan. Lábẹ́ rẹ̀, mo fi orúkọ ara mi kọ ọ́ pé: "Kò sí ẹyẹ tó ń jẹ́ ṣíbí nílé wa. Ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́ kù lẹ́nu màmá wa nígbà tí àrùn kó ìyókù lọ ni. Omi, ṣíbí. Ìrọ̀rí, ṣíbí. Ẹyẹ aláwọ̀ búlúù, ṣíbí. Èmi tí mò ń wẹ̀ fún wọn, ṣíbí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe pè é. Ẹni tó bá wọ yàrá yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, á ti mọ̀." Mo gbé e jáde.

Mi ò tíì pa kọ̀ǹpútà tí fóònù fi dún. Ẹ̀gbọ́n mi bú mi, ó ní mo dójú ti òun lójú gbogbo ayé. Mo jẹ́ kó bú mi tẹ́rùn. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù lóòótọ́? Wọn ò dárúkọ mi rí?"

Ọ̀rọ̀ méjì ló ṣẹ́ kù. Ìgbàkígbà tí ilẹ̀kùn bá ti dún, màmá á gbórí sókè, wọ́n á sì pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ketekete, bíi pé àrùn ò fọwọ́ kàn wọ́n rí. Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi bọ́ wọn, ṣíbí ni wọ́n ń pè mí títí wọ́n fi kú. Mi ò kọ ìyẹn sínú ìwé kankan.

"Rárá," ni mo wí. "Wọn ò dárúkọ yín rí."

Mo gbọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mi ò sì tíì pè é padà.